Àwo méjì lẹ́ẹ̀kan náà: báwo la ṣe ń gbọ́ «Gensho» ti Boris àti Merzbow nínú yàrá kan?

Ìgbógbo_Bass

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè mi dá lórí «Gensho», àwo tí Boris, ẹgbẹ́ olórin onígìtá láti Tokyo, àti Merzbow, ìyẹn Masami Akita tó ń fi ariwo ṣe orin, jọ gbé jáde lọ́dún 2016 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo Relapse Records. Ẹni tó bá mọ àwo náà mọ̀ pé sídì méjì ni. Ti Boris dá dúró, ti Merzbow dá dúró, àwọn olórin náà sì fẹ́ kí ẹni tó bá rà á ṣí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó máa yí ohùn wọn sókè sódò bó ṣe wù ú. Àwa mẹ́fà la fẹ́ jókòó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní Ìgbógbo, l'Ìkòròdú níbí, a ò sì fẹ́ kó di ariwo lásán mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ rèé. Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní ìbú, 14 ní gígùn, ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ táìsì, fèrèsé méjì. Anpilifáyà kan wà tó ń gbé sípíkà onígi méjì, wúfà ínṣì 12 tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ pẹ̀lú twítà tó ń gbé ohùn òkè. Hóòmù tíátà kan wà, sípíkà kéékèèké márùn-ún àti sub kan, èyí tó wà fún ohùn ìsàlẹ̀ nìkan. DVD méjì wà, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà, fóònù sì pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ wa ni kékeré tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, oníwáàtì 650, torí iná ò ṣe é gbára lé.

Èwo ni ká gbé sórí anpilifáyà, èwo ni ká gbé sórí hóòmù tíátà? Ṣé dandan ni kí méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pọ̀ gẹ́lẹ́? Tí ọ̀kan bá wá ń ṣáájú èkejì bó ṣe ń lọ, ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Báwo ni ohùn ṣe yẹ kó pọ̀ tó? MP3 128 kbps ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ṣé ó tó?

Ọ̀gá_Kébù

Àbúrò, jẹ́ ká ti ibi fáìlì bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irú orin yìí ti máa ń bàjẹ́ kó tó dé sípíkà rárá. MP3 128 kò tó. Bí MP3 ṣe ń dín fáìlì kù ni pé ó máa ń wá ohun tí etí ò ní fura sí, á sì jù ú nù. Bí ohùn kan bá rinlẹ̀, èyí tó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa gé. Nínú fújì tàbí jùjú, ààyè pọ̀ tó lè ti rí nǹkan gé. Nínú ariwo Merzbow, gbogbo ohùn láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè ló kún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ibi tó ṣófo, nítorí náà ara orin gan-an ló máa gé. Ariwo tó yẹ kó le koko, kó máa họ etí, á wá rọ̀ dẹ̀dẹ̀, á máa yí gbirigbiri lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ MP3 128 tún ń gé gbogbo ohun tó bá ti ju nǹkan bíi 16 kHz lọ, ìyẹn ohùn tó ga jù lókè (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kHz jẹ́ ẹgbẹ̀rún rẹ̀).

Ẹ wá sídì gidi tàbí FLAC, fáìlì tó ń fún ohùn pọ̀ láìju nǹkan kan nù. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ má rẹlẹ̀ ju MP3 320 lọ. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tí FLAC ti Merzbow bá tóbi ju ti Boris lọ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan náà. Ibi tí FLAC bá ti lè fojú díwọ̀n ohun tó ń bọ̀ nínú ohùn ló ti ń rí nǹkan fún pọ̀, ariwo ò sì ṣe é fojú díwọ̀n. Ohùn sídì tí a ò fún pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi MB 10 fún ìṣẹ́jú kan. Sídì kọ̀ọ̀kan lé ní wákàtí kan, ẹ fi GB 1.5 sílẹ̀ fún méjèèjì.

Tó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ fẹ́ ti gbọ́ ọ, ẹ ṣọ́ra. Níbẹ̀, wọ́n to sídì méjèèjì tẹ̀ léra bí àwo kan ṣoṣo: ti Boris á kọ́kọ́ parí, ti Merzbow á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ báyẹn ò tíì gbọ́ «Gensho». Ọ̀pọ̀ wọn ò sì gbà kí àkáùntì kan máa kọrin lórí fóònù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti kó orin sórí fóònù méjèèjì ṣáájú, tí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀kan, ó máa ń gbà.

Ó kan ibi tí ẹ máa gbé e sí. Boris ni kẹ́ ẹ gbé sórí anpilifáyà àti wúfà ínṣì 12. Gìtá wọn wálẹ̀ gan-an, ó ń fa ohùn kan gùn fún ìgbà pípẹ́, sípíkà kékeré ò lè gbé e. Ẹ gbé Merzbow sórí hóòmù tíátà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ yí i kúrò ní 5.1, tó ń lo gbogbo sípíkà, sí stereo, ọ̀tún àti òsì nìkan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí èyí tó ń pín ohùn kiri yàrá, á máa wo ìyàtọ̀ àárín ọ̀tún àti òsì, á máa ju apá kan ariwo náà sẹ́yìn bó ṣe rò pé ó yẹ, apá kan á sì máa pẹ́ kó tó dún. Ìpinnu tí ẹ̀rọ ń ṣe nìyẹn, kì í ṣe ti Masami Akita. Sípíkà iwájú méjì àti sub nìkan ti tó. Ẹ dín sub kù sí ìdajì, kó má lọ máa bá wúfà Boris jà.

Ẹ má to sípíkà méjèèjì léra, ẹ má sì kó gbogbo wọn sí ògiri kan. Boris níwájú, ní ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12. Merzbow lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì, ní ìwọ̀n etí ẹni tó jókòó. Tí ohùn méjì bá ti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, etí máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀, kódà nígbà tí ariwo bá fẹ́ bo gìtá. Tí wọ́n bá ti ojú kan wá, ẹni tó lágbára jù á gbé èkejì mì.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 14 máa ń mú ohùn nǹkan bíi 40 Hz dúró sójú kan: ó máa ń pọ̀ lápọ̀jù létí ògiri, ó sì máa ń sọnù pátápátá ní àárín gbùngbùn. Ẹ má jókòó sí àárín gẹ́lẹ́, ẹ má fẹ̀yìn ti ògiri. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ògiri ẹ̀yìn ló dára jù. Kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú yàrá náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí pàtẹ́wọ́ náà ń gbọ̀n láàárín ògiri méjì, táìsì àti búlọ́ọ̀kù ló ń dá a padà. Ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní, ẹ gbé fóòmù ibùsùn dúró sí ògiri tó kọjú sí sípíkà Merzbow kọ̀ọ̀kan. Ariwo tó ń padà wá láti ara ògiri máa ń mú kí gbogbo rẹ̀ túbọ̀ le létí.

Ní ti bíbẹ̀rẹ̀ pọ̀: ẹ má yọ ara yín lẹ́nu jù. Aago tó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń darí bó ṣe ń yára tó, ó sì lè fi nǹkan bí ìdá 50 nínú mílíọ̀nù yá jù tàbí falẹ̀ jù. Bí ọ̀kan bá yá tí èkejì sì falẹ̀, ìyàtọ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí kan àti díẹ̀ ò ní ju ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Wọn ò sì fi ìlù sínú sídì Boris yìí rárá, kò sí ẹsẹ̀ ìlù tó máa kọlu nǹkan kan. Tó bá jẹ́ DVD lẹ máa lò, kì í tètè gbéra: ẹ tẹ̀ ẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a dúró kíá, ẹ dá a padà sí 0:00, kí sídì ti máa yí nínú rẹ̀. Ẹnì kan nídìí ọ̀kan, ẹnì kan nídìí èkejì, ẹ kà á, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa shuffle àti repeat. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ pa crossfade, èyí tó ń mú kí ìparí orin kan wọ inú ìbẹ̀rẹ̀ èkejì, àti èyí tó máa ń mú kí gbogbo orin dún dọ́gba. Ìyẹn á rí ariwo Merzbow, á sì máa yí i sílẹ̀ lẹ́yìn yín.

Etí_Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n Kébù ti kó irinṣẹ́ tán, ẹ jẹ́ kí n sọ ti orin, torí ẹni tí ò bá mọ ohun tó wà nínú sídì kọ̀ọ̀kan ò ní mọ ìgbà tó yẹ kó yí nǹkan.

Boris jẹ́ ẹni mẹ́ta láti Tokyo: Takeshi tó ń lo gìtá ọlọ́rùn méjì, ọ̀kan báàsì, ọ̀kan gìtá, Wata lórí gìtá, Atsuo lórí ìlù. Láti 1992 ni wọ́n ti wà. Àwo wọn àkọ́kọ́, «Absolutego» ti 1996, orin kan ṣoṣo tó lé ní wákàtí kan ni. Merzbow jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, Masami Akita, tó ti ń fi ariwo ṣe orin ní Tokyo láti 1979. «Gensho» kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé: «Megatone» wà ní 2002, «Sun Baked Snow Cave» ní 2005, «Rock Dream» ní 2007. Ṣíṣí àwo méjì pọ̀ pàápàá kì í ṣe tuntun sí Boris. Ní 2005 wọ́n ṣe «Dronevil», àwo méjì tí wọ́n ní kí a máa gbọ́ pọ̀. Bí ẹ bá rí ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ fi kọ́wọ́. Olórin kan náà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó rọ̀ ju «Gensho» lọ.

Sídì Boris ní orin 9. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ orin tí wọ́n ti kọ rí, tí wọ́n tún wá ṣe láìsí ìlù. «Sometimes» ti ẹgbẹ́ olórin My Bloody Valentine náà wà níbẹ̀. Sídì Merzbow ní orin 4 péré, gbogbo wọn gùn. Ẹ wo ohun tó wà nínú ìyẹn: ojú ibi tí orin ti ń parí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ò ní bára mu. Nígbà tí Boris bá dákẹ́ láàárín orin méjì, Merzbow á dá wà ní gbangba. Ẹ má yára yí i sílẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù nínú àwo náà nìyẹn, torí ìgbà tí gìtá bá lọ tán lẹ máa tó mọ iye ìró tó wà nínú ariwo náà. Ọ̀rọ̀ ìyáàlù àti gúdúgúdú ni: ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ìyáàlù nìkan kì í mọ ohun tí gúdúgúdú ń ṣe títí ìyáàlù á fi dánu dúró.

Ọ̀nà tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí gbogbo yín ti gbọ́ sídì Boris lọ́tọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán. Etí tó bá ti mọ orin kan lè máa bá a lọ nínú ariwo. Etí tí ò mọ̀ ọ́n, ariwo nìkan ló máa gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹ fi Boris nìkan wọn ohùn. Ẹ gba áàpù tó ń wọn ohùn sórí fóònù kan, ẹ gbé e sí ibi ìjókòó, ẹ yí Boris títí á fi wà ní nǹkan bí 80 dB (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ṣe pọ̀ tó). Ẹ pa á. Ẹ wọn Merzbow nìkan, kí òun wà ní 72 sí 74. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ariwo tó kún máa ń dún létí bí ẹni pé ó pọ̀ ju ohun tí áàpù ń sọ lọ, ẹni tó bá fi méjèèjì sí 80 láti ìbẹ̀rẹ̀ ò ní rí ibi tó máa yí sí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. «Huge», orin kejì, àti «Vomitself», orin tó kẹ́yìn, wúwo, wọ́n ń fa ẹsẹ̀ nílẹ̀. Inú «Amplifier Worship» ti 1998 ni wọ́n ti wá. Ìsàlẹ̀ ohùn ni agbára wọn wà. Níbẹ̀, ẹ dín sub Merzbow kù sí i, kí ẹ wá gbé òkè ariwo náà sókè, kódà kó bá Boris dọ́gba. Méjèèjì ò ní máa jà, torí ibi tí wọ́n dúró sí yàtọ̀. Àmọ́ nígbà tó bá di «Rainbow» àti «Sometimes», ohùn ẹnu wà níbẹ̀, ohun tí etí fi ń mọ ọ̀rọ̀ ẹnu sì pọ̀ láàárín 1 sí 4 kHz, ibi tí ariwo ti lè bò ó mọ́lẹ̀ ráúráú. Ẹ yí Merzbow sílẹ̀ títí ẹ ó fi máa gbọ́ ohùn náà bí ẹni pé ó wà ní yàrá kejì, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má yọ ariwo náà kúrò pátápátá. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa fetí wá ohùn náà.

Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, bíi 3 dB lẹ́ẹ̀kan, kó gba ìdajì ìṣẹ́jú kó tó dé ibi tí ẹ fẹ́. Ẹni tó bá ń yí i gìrìgìrì ń ṣe DJ ni, kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó dúró nídìí ohùn nígbà kan. Orin Merzbow jẹ́ 4, ẹ lè fi ìyẹn pín in: bí orin kan bá parí lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíì gbà á. Boris ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ sójú kan, Merzbow ni kẹ́ ẹ máa yí. Bí ẹ bá ń yí méjèèjì pọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ ó rí i pé ohùn gbogbo ti gòkè, torí ọwọ́ ènìyàn kì í fẹ́ yí nǹkan sílẹ̀.

Ìgbógbo_Bass

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń wá FLAC náà. Ìbéèrè méjì ló kù. Twítà ọ̀kan nínú àwọn sípíkà onígi náà ò dún, wúfà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá òun fúnra rẹ̀ ló kú tàbí nǹkan mìíràn? Èkejì: ilé ayálégbé ni, àwọn ọmọ ń sùn ní yàrá kejì tó bá ti di aago mẹ́sàn-án. Ṣé ọ̀nà wà tí ènìyàn lè gbà gbọ́ méjèèjì pọ̀ nínú hẹ́dífóònù?

Ọ̀gá_Kébù

Twítà kọ́kọ́. Ẹ pa anpilifáyà, ẹ yọ okùn iná rẹ̀, ẹ tú twítà jáde, kí ẹ yọ wáyà kan lára rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo irú èyí tó jẹ́. Bí ó bá ní mágnẹ́ẹ̀tì tó wúwo lẹ́yìn, oníkọ́ìlì ni: ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n lórí ohm. Bí ó bá ka nǹkan bíi 6 sí 8, ó yè. Bí kò bá ka nǹkan kan, kọ́ìlì ti jó. Bí ó bá fúyẹ́ bíi ike lásán, piezo ni, mítà ò sì ní ka ohm kankan lára piezo kódà tó bá yè, ẹ má torí ìyẹn jù ú nù. Ẹ fi bátìrì 1.5 volt kan ẹnu rẹ̀ wéré, ẹ gbé etí sún mọ́ ọn; èyí tó yè á ta pín.

Bí twítà bá yè tí kò sì dún, ẹ wo kapásítọ̀ tó wà lójú wáyà rẹ̀. Bí ó bá wú tàbí tí ojú lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti ṣí, òun ni. Fún twítà oníkọ́ìlì 8 ohm, ẹ ra 4.7 µF tí kò ní ẹ̀gbẹ́ ró (+) àti ẹ̀gbẹ́ dín (−), 100 volt. Ìyẹn á jẹ́ kí ohùn tó bá ti ju nǹkan bíi 4,200 Hz lọ kọjá, á sì máa dín èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kù. Fún irú orin yìí, 3.3 µF ni èmi á fi sí i: 6,000 Hz sókè ló máa gbà kọjá, twítà á pẹ́ sí i, ohun tí ẹ máa pàdánù ò tó nǹkan. Ẹ má ra èyí tí wọ́n kọ àmì − sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná sípíkà ń lọ ó ń bọ̀, irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́ bàjẹ́.

Ìdí tí twítà fi ń jó lórí ariwo rèé, kó sì yé gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí. Nínú orin tí a mọ̀, ìlù á bú, á sì rọlẹ̀. Ohùn á gòkè, á sinmi. Anpilifáyà tí wọ́n kọ wáàtì 100 sí lára lè máa fún sípíkà ní wáàtì 5 péré bí a bá pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, òkè rẹ̀ nìkan ló ń kan 100. Ariwo Merzbow kì í sinmi. Bí òkè rẹ̀ bá kan ibi kan náà, ohun tó ń wọ sípíkà láìdáwọ́ dúró lè tó wáàtì 30 tàbí 40, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà lókè ohùn, níbi tí twítà wà. Twítà tó lè gba 10 tàbí 15 á gbóná, gọ́ọ̀mù tó di kọ́ìlì mú á yọ́, ó parí. Kò ní pariwo kó tó kú. Nítorí náà, ibi tí ẹ máa ń yí ohùn dé fún fújì kọ́ ni kẹ́ ẹ yí i dé fún èyí. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn anpilifáyà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá ṣe é fọwọ́ lé fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ yí i sílẹ̀, ẹ kọ fáànù sí i.

Ti jẹnẹrétọ̀: ẹ má gbé ju wáàtì 450 lọ lé oníwáàtì 650. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, anpilifáyà, hóòmù tíátà, fáànù, gílóòbù. Ẹ pa fìríìjì. Òde ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ẹ má tìtorí pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín yẹn ń pani. Tó bá jẹ́ ínfátà lẹ máa fi ṣe é, kó jẹ́ pure sine wave, èyí tí iná rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́ bí iná ìjọba. Èyí tó rọ̀ lọ́wọ́ máa ń mú kí tiransífọ́mà anpilifáyà máa kùn, ìkùn náà á sì wà lábẹ́ gìtá Boris ní gbogbo ibi tó bá ti tutù. Ẹ má sì fi kébù kankan so anpilifáyà pọ̀ mọ́ hóòmù tíátà. Bí wọ́n bá dá wà, wọn ò ní kùn sí ara wọn.

Ọmọ_Àgbádárìgì

Ẹ jẹ́ kí n gba ti hẹ́dífóònù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ra kébù ẹlẹ́nu méjì, èyí tó ń pín fóònù kan sí hẹ́dífóònù méjì, kí wọ́n wá yí i padà, fóònù méjì sí hẹ́dífóònù kan. Ẹ má ṣe é. Fóònù méjèèjì á máa ti iná wọ inú ara wọn, ohùn á rẹlẹ̀, á máa fọ́, ẹnu tó ń gbé ohùn jáde lára ọ̀kan sì lè kú. Bí ẹ bá fẹ́ so fóònù méjì mọ́ anpilifáyà kan, ẹ ní kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi rẹsísítọ̀ 1 kΩ, èròjà kékeré tó ń dín iná kù, kọ̀ọ̀kan sójú ọ̀nà: ọ̀tún méjì, òsì méjì, mẹ́rin lápapọ̀, kí wáyà ilẹ̀ pàdé tààrà. Ojú AUX ni kó wọ̀ o. Bí ẹ bá ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan, torí rẹsísítọ̀ náà ti gbé agbára mì.

Fún hẹ́dífóònù, kọ̀ǹpútà ló dára jù. Audacity ò gba owó. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí 44100 Hz, ẹ kó orin 9 ti Boris wọlé, ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra lójú ìlà kan láìfi àlàfo sí i, ẹ kó 4 ti Merzbow sójú ìlà kejì. Kí ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ ní 0. Ẹ wo ààyè orí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ọ̀nà tí Audacity fi ń tọ́jú ohùn tóbi, ìlà méjì yìí á gba GB 3 kí ẹ tó ṣe nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ dín ìlà kọ̀ọ̀kan kù ní 6 dB. Ohùn méjì tí òkè wọn bá pàdé máa ń di ìlọ́po méjì. Bí ẹ ò bá dín in, orí ohùn á gé, gígé yẹn á sì fi ariwo tirẹ̀ kún ti Merzbow. Ẹ tún wá dín Merzbow nìkan ní 6 sí 8 sí i, gẹ́gẹ́ bí Etí_Ẹ̀pẹ́ ti sọ. Ẹ fa Boris díẹ̀ sí òsì, Merzbow díẹ̀ sí ọ̀tún, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Ẹ má fà wọ́n dé òpin. Bí etí kan bá ń gbọ́ ariwo nìkan fún wákàtí kan, ó máa ń rẹ ènìyàn gan-an, ọpọlọ ò sì ní lè so méjèèjì pọ̀. Irinṣẹ́ Envelope ni kẹ́ ẹ fi ya bí ohùn Merzbow ṣe máa gòkè tó sì máa sọ̀, ní ibi «Huge», ní ibi «Rainbow», níbi tí ẹ bá fẹ́. Ẹ gbé e jáde ní WAV tàbí FLAC oní-24-bit.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ti gbé e jáde, ó ti di ojú kan. Àwo yìí fẹ́ kí ọwọ́ wà nídìí ohùn nígbà tí etí ń gbọ́. Nítorí náà, ẹ má pa iṣẹ́ náà rẹ́ lórí Audacity. Ẹ lè máa gbọ́ ọ láti inú rẹ̀, kí ẹ máa fa ohùn ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ lọ́wọ́. Lórí hẹ́dífóònù oníwáyà o. Ti Bluetooth máa ń fún ohùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohun tí ẹ torí rẹ̀ sá fún MP3 128 á tún wọlé gba ẹ̀yìn.

Etí_Ẹ̀pẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi ti etí kún un. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún àwọn òṣìṣẹ́ ibi ariwo ni 85 dB fún wákàtí 8. Bí ó bá fi 3 gòkè, àkókò náà á pín sí méjì: 88 fún wákàtí 4, 91 fún 2, 94 fún 1. Àwo yìí lé ní wákàtí kan, ẹ má sì gbàgbé àkókò tí ẹ fi ń wọn ohùn ṣáájú. 80 tí mo dárúkọ fún Boris, bí Merzbow bá wá bá a dọ́gba, á di 83. Ààyè wà dáadáa níbẹ̀. Bí áàpù bá ń fi 90 hàn fún ìgbà pípẹ́, ẹ yí méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Áàpù fóònù máa ń ṣìnà ní dB díẹ̀, ẹ má gbé e dé etí ààlà. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn tí ẹ bá pa á, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ sinmi etí lọ́jọ́ kejì, kò sí hẹ́dífóònù.

Àti pé, kẹ́ ẹ lo fóònù méjì dípò DVD. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kú lójijì, ọ̀pọ̀ DVD á gbàgbé ibi tó dé. Fóònù tó ní bátìrì á ṣì máa lọ, méjèèjì á sì wà ní ojú kan náà. Ẹ kàn dá àwọn méjèèjì dúró pọ̀, ẹ lọ da epo sí i lẹ́yìn tó bá ti tutù, ẹ yí ohùn méjèèjì sílẹ̀ pátápátá kí iná tó padà dé, kó má bàa fi ariwo kọlu twítà lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa yí i bọ̀ sókè, Boris ṣáájú.